Ọjọ́ Tí A So Géèmù Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Wa

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Mushin, tẹlifíṣọ̀n ilé wa ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ ó rántí irú rẹ̀: àpótí onígi ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bàbá wa nìkan ló ń ṣí i. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ kan ní Yaba, ó sì fẹ́ràn ìròyìn ju oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nítorí pé mo fi ìka tó ní epo àkàrà tọ́ka sí ẹnì kan nínú eré.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Bọ̀dá Wálé, àbúrò ìyá mi, dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n wá fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rónkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá wa yẹ páálí rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká parí ìdánwò ná.” Ìdánwò ọ̀hún sì ku ọ̀sẹ̀ méje. Ojoojúmọ́ la máa ń ṣí páálí náà kí a lè gbóòórùn rẹ̀. Ó ń ta sánsán bíi bàtà tuntun.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Bàbá wa jáde lọ sí Jíbówú láti wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń sìnkú ìbátan rẹ̀ kan. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó dé. Ìyá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́yìngbò. Ó wá ku àwa àti Màmá Ìjẹ̀bú, ìyá tó bí ìyá mi, tó wá kí wa. Bàbá wa ti fún Màmá ní kọ́kọ́rọ́ tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n lè wo ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Mo ń rin ewùrà fún ìkókorẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí Àǹtí Rónkẹ́ ń bẹ̀ wọ́n.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká so géèmù yẹn mọ́ ọn díẹ̀. A ó ti tú u kí Dádì tó dé.”

“Ṣé kò ní bà á jẹ́?”

“Kò lè bà á jẹ́, mà.”

Màmá tú kọ́kọ́rọ́ ní etí ìró wọn. “Ẹ so ó. Bó bá bàjẹ́, ẹ ní èmi ni.”

Ni mo bá fi ewùrà sílẹ̀. Àǹtí Rónkẹ́ yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ki wáyà géèmù bọ ojú ihò kan náà. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, ó ń hó ṣììì. Ìwé tó bá géèmù wá ní àfi ká wá ibi tí àwòrán wà. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ló wà lára tẹlifíṣọ̀n wa, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan róbótó kékeré kan tí wọ́n ń fi ìka yí. Àǹtí Rónkẹ́ ní ìkẹjọ la máa lò, torí pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bó ṣe lọ yẹ wáyà wò lẹ́yìn, ara mi ò gbà á. Mo yí ìkíní, mo yí i títí ó fi dúró. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́.

Ó padà wá, ó ń yí ìkẹjọ díẹ̀díẹ̀, àfi gbàgà tí ehoro kan tó wọ ṣòkòtò yọ sí wa. Ehoro náà ń sáré, ó ń fo kòtò, ó ń ká ọsàn. Mo fò mọ́ Àǹtí Rónkẹ́ débi pé àwa méjèèjì ṣubú lu àga.

Ṣùgbọ́n kò ní ohùn. Ṣììì yẹn nìkan là ń gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Wálé ṣàlàyé pé bí tẹlifíṣọ̀n Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń gba ohùn yàtọ̀ sí tiwa. Àǹtí Rónkẹ́ yí ohùn wálẹ̀ pátápátá, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

“Ṣé odi ni?” Màmá béèrè. Wọ́n wò ó díẹ̀. Nígbà tí ehoro tún fò, wọ́n ní, “Húpù.”

A wo ojú ara wa. Ehoro tún fò. “Húpù,” ni Màmá wí, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí nìyẹn.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ọmọ ayálégbé ti kún pálọ̀ wa, kálukú sì ti gba ohùn tirẹ̀. Màmá ló ni fífò. Èmi ni mo ń dún “kín-ín” fún ọsàn. Àwọn ọmọ méje ń fi ẹnu sáré, “kútú-kútú-kútú”, bí ehoro bá sì já sí kòtò, gbogbo wa á ké “Yéèè.” Ẹ̀rín pa wá títí ikùn fi ń dùn wá. Ìkókorẹ́ tí mo sáré lọ rin tán, tí mo gbé kaná, jóná, kò sẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀.

A ò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bàbá wa. Kò rí mọ́tò ní Jíbówú, ó dúró títí, ó padà wálé. Ibi tí ó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ni a ti rí i, gbogbo wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ehoro já sí kòtò. Màmá, tí wọ́n kọ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, nìkan ló ké “Yéèè.”

“Ta ló ṣí tẹlifíṣọ̀n?” Bàbá wa béèrè.

“Èmi ni, Bàbá Rónkẹ́,” ni Màmá wí. “Ẹ káàbọ̀. Ṣé mọ́tò ò lọ mọ́ ni?”

Kí ni ọkùnrin fẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀? Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó jókòó. Àwọn ọmọ ayálégbé ti yọ́ lọ. Ó ní kí Àǹtí Rónkẹ́ dá áńtẹ́nà padà torí ìròyìn. Ó dá a padà, ó tẹ bọ́tìnnì kìíní tí ìròyìn máa ń wà, àfi ṣììì. Ó tún un tẹ̀, ṣììì náà ni.

“Rónkẹ́,” ni Bàbá wa wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, èyí tó burú ju igbe lọ. “Lọ́la ni géèmù yìí máa padà sọ́dọ̀ Wálé. Kúnlẹ̀.”

Àǹtí Rónkẹ́ ò mọ ohun tó ṣe, síbẹ̀ ó ti ń tẹ eékún. Omi ti lé sí i lójú. N kò lè wò ó.

“Èmi ni, sà,” ni mo wí. “Èmi ni mo yí ìkíní. Àǹtí Rónkẹ́ ò mọ̀.” Mo kúnlẹ̀ fúnra mi, mo na ọwọ́ sókè.

Bàbá wa ní kí Àǹtí Rónkẹ́ dìde, kó wá ibi tí ìròyìn wà. Ó yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yí ìkẹjọ, ojú akàròyìn sì yọ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìròyìn ọjọ́ yẹn tán.

Nígbà tó parí, ó ní kí n dìde. Ó wá béèrè bíi pé kò kàn án, “Kí lẹ ń ké sí lẹ́ẹ̀kan?” A ṣàlàyé, kò gbà. Ó ní ká so ó padà kí òun rí i. Ó gba ohun ìtẹ̀ náà lọ́wọ́ wa, kòtò àkọ́kọ́ ló já sí. Kò sí ọmọ tó jẹ́ ké. Màmá ló ké “Yéèè,” wẹ́rẹ́ báyìí. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dé láti ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń sọ ọ́ fún un, ó sì ń jẹ ìkókorẹ́ tó jóná. Kò tún mẹ́nu ba ìdánwò mọ́.

Lóde òní, géèmù ọmọ mi ọkùnrin ò nílò wáyà áńtẹ́nà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń béèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ̀, kò fẹ́ gba wáìfáì ilé, èmi ni mo rá wọ abẹ́ tábìlì, níbi tí ẹ̀rọ wáìfáì wà, tí mo ka pásíwọ́ọ̀dù ara rẹ̀ sí ọmọ mi létí. Bí géèmù ti wọlé, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ Àǹtí Rónkẹ́ tó wà ní Kánádà ṣeré, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni tó wà lórí ẹní kan náà. Ó wú mi lórí, n kò ní purọ́. Mo ní ṣé àyè ẹnì kan kù.

“Àyè wà, Mọ́mì, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì.”

Nígbà tiwa, kí o ṣáà ti rí ibi jókòó ni. Mo fi ìmeèlì sílẹ̀, mo fi ọjọ́ ìbí sílẹ̀, mo wá tẹ orúkọ mi: Bímpé. Ẹ̀rọ náà ní Bímpé kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi.