Abẹ́ Àtẹ̀gùn Tí Ìyá Mi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gún

Wúràọlá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Òpó, arẹwà tí í fi ẹ̀rín dá àlejò lóhùn, abiyamọ tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ kí ọmọ tó yó, ìyá mi, ẹ sùn re o. Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́yìn Moniya, ilé alámọ̀ ni bàbá mi kọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì da àtẹ̀gùn kọnkéré síwájú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, inú iyàrá ni wọ́n sin wọ́n sí, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí àtẹ̀gùn náà fara tì. Ìyá mi sọ létí gbogbo ẹbí pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn ni kí wọ́n tẹ́ àwọn sí lọ́jọ́ tí àwọn bá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Àṣé omi orí páànù ti ń gbẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn. Lókè ó le koko, nísàlẹ̀ ó ti ṣófo. Àdìẹ wa yé ẹyin síbẹ̀, Fọlákẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá na ọwọ́ wọ inú ihò náà títí dé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ẹ̀yìn. A ké sí Bàbá Ṣítù, bíríkìlà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí a máa da yangí sí i díẹ̀díẹ̀, kí a máa fi igi gún un kí ó le, kí omi má baà dé ìpìlẹ̀.

Ìyá mi ní rárá. "Ẹ dà á síbẹ̀, ẹ má gún un. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni orí Bàbá Fọlákẹ́ wà."

"Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ ló máa dìde bá mi jà ni?"

"Tí wọ́n bá dìde, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sá."

Bàbá Ṣítù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lè gún un tipátipá lójú opó. A kàn da erùpẹ̀ síhò, a fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀. Erùpẹ̀ náà kò dì, omi sì kó o lọ. A tún dà á, omi tún kó o. Ìyá mi a máa ru erùpẹ̀ láti etí odò, wọ́n a bu eérú sí i, àti àkúfọ́ ìkòkò, ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà. Bí òjò bá ti ṣú, wọn kì í lè jókòó mọ́. Wọ́n á máa fi abọ́ gbọ́n omi nídìí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa sunkún.

Nígbà tó yá, ògiri là, ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀. Ìyá mi fúnra wọn ló lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Ṣítù: "Ẹ wá gún un. Mo ti bẹ Bàbá Fọlákẹ́." Ìyá mi wá wọlé, wọ́n tẹ́ ẹní sórí ibojì, wọ́n sùn lé e. Bí igi ṣe ń balẹ̀ níta, à ń gbọ́ ohùn wọn: "Ẹ má bínú. Kí n lè wá bá yín ni."

Ó ti pẹ́ jù. Omi ti jẹ ìdí ògiri. Bàbá Ṣítù rí i tó ń mì, wọ́n ju igi sílẹ̀, wọ́n sáré wọlé fa ìyá mi jáde. Bí wọ́n ṣe jáde ni ògiri wó lu ibojì, páànù tẹ̀lé e.

A kó lọ sí Moniya. Igbó bo ilé náà, àwọn ẹlòmíì sì wá ra ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, bí abẹ́ àtẹ̀gùn yín bá ṣófo, ẹ ń pe ẹni tó máa da kọnkéré ṣíṣàn sí i, ó parí. Ẹ kì í sin òkú sí iyàrá mọ́, ẹ ò ní ẹni tí ẹ máa bẹ̀ kí ẹ tó gún ilẹ̀. Mi ò sọ pé ó burú.

Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, wọ́n bi mí pé, "Dúró ọmọ mi, ṣé o ti bá àwọn tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀?" Mo ti lọ bá wọn. Àwọn onílẹ̀ náà gbé àga fún mi, wọ́n fún mi lómi, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí à ń gbé mọ́tò sí nìyẹn." Mo di ọwọ́ ìyá mi mú.

Ọjọ́bọ̀ ni a sin wọ́n, sí ìtẹ́ òkú ìjọ wa ní Moniya.