Lékeléke Lára Aṣọ Abíìrì

Ní àdúgbò àwọn tó ń rán àgọ́ ní Káírò, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè Ọ̀gá Ṣaabán, wọn á ní kó tẹ́tí sí ìró àlùmọ́gàjí. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ tóbi, ó sì ti gbó. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Bó bá ń gé aṣọ, á máa dún bí ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko gbígbẹ. Láti kékeré ló ti ń jókòó lórí pèpéle onípákó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí yóò ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́, tí yóò máa rán aṣọ wẹ́wẹ́ mọ́ ara aṣọ ńlá, títí yóò fi di òdòdó, títí yóò fi di ìràwọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ògiri àgọ́ ìgbéyàwó àti ti àgọ́ ọ̀fọ̀. Ṣaabán kì í pariwo. Ó fẹ́ kí nǹkan wà létòlétò: òwú pupa kò gbọdọ̀ sùn ti òwú dúdú nínú àpótí rẹ̀.

Nínú ìdílé rẹ̀, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, bàbá rẹ̀ ni yóò rán aṣọ tí ọmọ náà yóò gbé kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀, ọnà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà rí. Bàbá Ṣaabán ṣe é fún àwọn arábìnrin rẹ̀. Nísinsìnyí, ó ti kan Abíìrì, ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣaabán bí, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó sí kí àwẹ̀ tó wọlé.

Àmọ́ gbogbo ọnà tó bá yà sórí bébà, ó mọ ẹni tó ti tà á fún. Èyí wà lára àgọ́ alápatà kan. Ìyẹn wà lára ìrọ̀rí tí àwọn àlejò òkèèrè ń rà. Ẹ̀rù ń bà á pé ọjà títà ni ọmọ òun yóò gbé lọ sílé ọkọ.

"Ọpọlọ mi ti gbẹ, Ìyá Abíìrì," ló sọ fún Insáàfù, ìyàwó rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà àárọ̀.

"Ṣé ọpọlọ ló gbẹ, àbí ojú ló ń wo ohun kan náà ṣáá? Ẹ jáde, kí ẹ rìn káàkiri."

Ó gbọ́ràn. Ó lọ sí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà lórí òkè. Ó lọ wo àwọn ilẹ̀kùn onígi fínfín ní ààfin àwọn ọba àná. Kò sí èyí tí kò mọ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni bàbá bàbá rẹ̀ ti kó ọnà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ wíwú ló gbé wálé.

Insáàfù rẹ́rìn-ín. "Ẹ jáde nílé lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Mò ń lọ sí Fáyúùmù lọ́la, wọ́n ń túlẹ̀ lóko ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi lọ."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lóko?"

"Ohun tí ẹ ò ṣe rí ni. Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò sùn ní abúlé wa rí. Bí mo bá ní mo lọ́kọ, àwọn ọmọdé ibẹ̀ á ní irọ́ ni mò ń pa."

Ó fẹ́ sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè, bó ti máa ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo? Bébà òfìfo ló wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó bá a lọ.

Mítíwálì, ẹ̀gbọ́n Insáàfù, fi búrẹ́dì gbígbóná àti wàràkàṣì tó ti pẹ́ nínú ìkòkò ṣe wọ́n lálejò. Bí wọ́n ti nu ọwọ́ tán, ó ki ọkọ́ bọ Ṣaabán lọ́wọ́.

"Àna wa, iṣẹ́ yá. Ẹ bá wa ṣí omi sí poro yẹn."

"Bàtà wo ni màá wọ̀?"

"Èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni."

Ṣaabán bọ́ bàtà, ó ká ẹ̀wù sókè. Ẹrẹ̀ náà tutù, ó ń gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sókè. Ẹsẹ̀ tó ti ń ká sábẹ́ láti kékeré kò mọ èwo ni ṣíṣe. Ó gbé ọ̀kan, èkejì rì. Ó fẹ́ fi ọkọ́ gbé ara ró, ọkọ́ yọ̀. Gbì! Ó fìdí jókòó sínú poro.

Gbogbo lékeléke tó ń ṣa kòkòrò lẹ́yìn àwọn tó ń túlẹ̀ fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n funfun báláú lókè ilẹ̀ dúdú. Apá kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, síbẹ̀ kò sí méjì tó na ìyẹ́ bákan náà: èyí kò tíì ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré tó ìdì òwú lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣaabán ń wò wọ́n nínú ẹrẹ̀, kò rántí dìde.

"Ẹ wá wo àna wa ará Káírò o!" ni Mítíwálì kígbe. "A ní kó ṣí omi, ó ti fìdí dí i!"

Insáàfù sáré wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè fà á dìde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ṣaabán ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó jókòó sí etí poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ní kékeré, mo máa ń sáré wọ àárín wọn kí wọ́n lè fò," ló wí. "Lọ́jọ́ tí ẹ wá gbé mi níyàwó, wọ́n wà lóko báyìí náà. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń wẹ̀yìn, títí mi ò fi rí wọn mọ́."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá Abíìrì." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Etí ìborùn rẹ̀ ló fi ń nu ẹrẹ̀ kúrò létí ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí Ṣaabán padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àdúgbò wọn. Ó ká bébà sí méjì, ó tún un ká, ó ya lékeléke sí i. Ó fi abẹ́rẹ́ lu ojú ilà náà ní ihò wẹ́wẹ́, kí èédú lílọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá sára aṣọ. Bí wọ́n bá ṣí bébà bẹ́ẹ̀, ọnà kan á ti di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí tirẹ̀, àwọn ẹyẹ náà kọjú síra wọn, ẹnu kan ẹnu, bí adìẹ tó ń jà lórí àgbàdo.

Ó wò ó títí. Ó mú bébà mìíràn, kò ká a rárá. Ó tẹ́ ẹ gbalaja.

Ọ̀gá Fíkírì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì kọjú síra, yọjú wọlé. "Ṣaabán, ṣé oko lo gbàgbé ọgbọ́n rẹ sí ni? Ta ní ń ya ọnà sórí bébà tí kò ká? Èwo ni òkè aṣọ yìí, èwo ni ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

"Mò ń wá a."

"Ó ń wá a! Ìgbéyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà, bàbá ìyàwó ń wá òkè àti ìsàlẹ̀!"

"Fíkírì, tíì rẹ ń tutù lọ́hùn-ún."

Síbẹ̀, òótọ́ ni Fíkírì sọ. Bébà kíká a máa ran ọwọ́ lọ́wọ́. Bí o bá ti mọ apá kan, o ti mọ ìyókù. Èyí tí kò ká kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ni Ṣaabán ní láti rántí lọ́tọ̀. Ó ń rán, ó ń tú. Nígbà mìíràn ẹ̀rù á bà á pé òun ń ba aṣọ ọmọ òun jẹ́. Nígbà náà ni yóò di ojú, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi rántí bí ẹrẹ̀ náà ti tutù tó, yóò sì tún mú abẹ́rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ló gbé aṣọ náà wálé, tó tẹ́ ẹ sórí itan Abíìrì. Aṣọ dúdú ni. Láti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni àwọn ẹyẹ funfun ti ń dìde, wọ́n ń lọ sókè lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ti ń lọ. Abíìrì gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ ti ta irú èyí fún rí?"

"Kò sẹ́ni."

"Kò sẹ́ni rárá?"

"Èmi tí mo rán an gan-an, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Abíìrì fa aṣọ náà mọ́ra, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ́ ẹ, tó ń fi ìka tọ ipasẹ̀ àwọn ẹyẹ. "Ibo ni wọ́n ń lọ?"

Ṣaabán wo Insáàfù, tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ náà. "Bi ìyá rẹ," ló wí.

Insáàfù wá jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó fi ìka lé ẹyẹ tó tóbi jù, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kan ilẹ̀. "Mo kéré sí ọ nígbà náà," ló bẹ̀rẹ̀.

Ṣaabán dìde kó lè se tíì fún wọn. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó ṣí èkejì. "Ìyá Abíìrì, ibo lo máa ń kó ṣúgà sí?"

Ìyá àti ọmọ ti forí kan orí lórí aṣọ náà. Ó rọra ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kí ó má bàa dún, ó sì ṣí ẹ̀kẹta.