Ọ̀nà Ilé Wa Àtijọ́ ní Ungwan Shanu

Ó lé ní ogún ọdún tí bàbá mi fi ń sọ fún wa pé aládùúgbò wa ló gba ilé wa. Nígbà tí ìlú Kàdúná dàrú, tí Mùsùlùmí ń sá lọ sí àríwá odò, tí àwa Kìrìsìtẹ́nì ń sá lọ sí gúúsù, a fi Ungwan Shanu sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọrùn wa nìkan. Ọ̀dọ̀ Àlájì, Hausa tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín wa, la fi kọ́kọ́rọ́ sí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá mi ní Àlájì ti kó àbúrò rẹ̀ sínú ilé wa, kò sì ní kúrò mọ́. Bàbá mi ní òun ti ra ilé mìíràn ní Sabon Tasha, ká gbàgbé ti àná.

Ìyá mi kò gbàgbé. Èrè aṣọ tó ń tà ló fi kọ́ yàrá mẹ́ta ẹ̀yìn ilé yẹn. Èyí tó sì dùn ún jù ni ti Hajiya, ìyàwó Àlájì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń na àwo oúnjẹ sí i lórí ògiri. "Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló fi pọ̀n ọmọ mi," ni ìyá mi máa ń wí. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Èmi ni ọmọ tí Hajiya pọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún wọn nílé pé mo ń lọ wo ojú àwọn olè náà. Bàbá mi ní kí n má ṣe wàhálà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn, torí mo fẹ́ kí àwọn ará ìlú fi ọ̀nà hàn mí, kí n lè mọ ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Oníbàtà kan ní Sabon Tasha ka gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti kòtò ojú ọ̀nà fún mi títí dé afárá. "Tó o bá kọjá ibẹ̀, béèrè lọ́wọ́ wọn," ló wí. "Èmi ò débẹ̀ mọ́." Ní òdìkejì odò, ọlọ́sàn kan gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀, ó gbàgbé ọsàn tó ń bó. Sabon Tasha ni wọ́n bí i sí. Ó bi mí bóyá igi máńgòrò ẹ̀yìn ọjà ṣì ń so. Mi ò rí igi kankan níbẹ̀ rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo ní ó ń so.

Ní Ungwan Shanu, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta tíì, mo béèrè ilé Yorùbá tó ti gbé ibẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gidan musaya kike nema?" ló bi mí. Ṣé ilé pàṣípààrọ̀ ni mò ń wá?

Mo fi Hausa dá a lóhùn pé rárá, ilé tí wọ́n fipá gbà ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló gbà á? Bàbá Yorùbá yẹn fi ilé rẹ̀ gba ilé àbúrò Àlájì ní Sabon Tasha. Ilé fún ilé. Orí bẹ́ǹṣì tó o jókòó sí yìí ni wọ́n ti fọwọ́ sí i."

Ilé wa wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rọ omi kúkúrú kan wà níwájú ilé wa ní Sabon Tasha, pẹ̀lú ìjókòó sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ní ìfọsẹ̀ àlejò ni. Ibẹ̀ la ti ń fọ ẹsẹ̀ láti kékeré. Ibi àlùwàlá Mùsùlùmí tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ ni, mo sì gọ̀ tó láti má mọ̀. Orúkọ bàbá mi nìkan ló wà lórí ìwé ilé náà. Ó ti fi yàrá mẹ́ta ìyá mi ra ilé fún ara rẹ̀.

Mo dé ilé Àlájì, wọ́n ní ó ti kú. Hajiya mọ̀ mí kí n tó lanu. "Ina uwarki?" Ìyá mi dà? Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun wá sí Sabon Tasha, nígbà tí ẹ̀rù ń ba ẹlẹ́hàá láti kọjá odò. Bàbá mi ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, á ní ìyá mi ò fẹ́ rí i sójú. Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Ikú ilé tiwa ń bẹ nílé, ó ń gbatẹ́gùn.

Mo bá àwọn méjèèjì ní pálọ̀ nígbà tí mo padà dé. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà.

"Hajiya ní kí n kí yín," mo wí.

"Olè kì í tijú," ni bàbá mi dáhùn.

Mo yíjú sí i. "Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun wá. Ó ní ẹ̀yin lẹ pàdé òun lẹ́nu géètì. Wọ́n sì ti sọ ti pàṣípààrọ̀ fún mi."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi wò ó pẹ́. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó jáde lọ síbi ẹ̀rọ omi kúkúrú yẹn, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wọ bàtà.

"Ṣé o ṣì rántí ọ̀nà?" ló bi mí.