Tépù Ò Purọ́

Kẹ́kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Tépù rántí láyé. Abẹ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí. Ẹsẹ̀ ìyá á máa lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, òun náà á sì sùn fọnfọn. Kò yani lẹ́nu pé télọ̀ ló dà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Tépù, nítorí tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó ń fi wẹ̀.

Nígbà tó lé ní ogójì ọdún, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Dókítà kan ní àtọ̀gbẹ àgbàlagbà ni, ó fún un ní oògùn oníhóró. Ó ń lò ó déédéé, síbẹ̀ ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí rẹ̀. Ó fi tépù wọn ìbàdí ara rẹ̀: ó ti dín. Nígbà tó ṣe, ó tún un wọ̀n: ó tún dín sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti sáré lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Tépù mọ̀ pé tépù tó bá gbó a máa nà, èyí tó bá sì ti nà, iye tó máa sọ á kéré sí òótọ́. Ló bá dá tépù lẹ́bi. Ó jù ú sínú àpótí àkísà, ó ra tuntun, ó sì ń rán ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Nígbà tí tuntun náà tún sọ bákan náà, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ sílé ìwòsàn ńlá. Dókítà obìnrin kan, tí kò ju àkọ́bí wọn lọ, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ṣàlàyé pé irú àtọ̀gbẹ mìíràn ni. Àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ fúnra wọn ló ń ba ibi tí ínsúlínì, èròjà tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ti ń wá jẹ́. Èyí tó máa ń mú ọmọdé lójijì ló yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ lágbà. Hóró oògùn ò ní tó mọ́. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè dá a wólẹ̀.

Ọ̀gá Tépù ní irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ní in nínú ìran òun.

Ọ̀rọ̀ náà dìjà nílé. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá, ṣebí ìyá náà ní ìtọ̀ ṣúgà lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Tépù obìnrin bi í pé ta ni ọmọdébìnrin ilé bàbá wọn tó rù kan egungun, tó ń mu omi bíi kànga, tó fi kú. Wọ́n ń ti àìsàn náà síra wọn bí ọmọ aláìgbọràn tí kò sílé tó fẹ́ gbà á.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá dókítà. Ìyẹn rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ilé méjèèjì ló jẹ̀bi. Àbùdá àjogúnbá kan wà tí àtọ̀gbẹ yín fi jọ ti ọmọdé, òmíràn wà tó fi jọ ti àgbàlagbà.”

“Àwọn ọmọ mi ńkọ́?”

“Èèyàn lè jogún aṣọ kó má rán an láéláé. Ọ̀pọ̀ ló ní àbùdá yìí tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n.”

“Ta ló wá rán tèmi?”

“A ò tíì mọ télọ̀ náà.”

Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì nílé, ó gbé abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó rí bíi bírò kalẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ejò.

“Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń jẹun láti kékeré lẹ wá ń sá fún?” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Aṣọ kì í mọ ìrora.”

Ìyàwó ní kò burú. Bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé tí òun bá abẹ́rẹ́ náà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun máa pè wá gún un.

Nígbà tó ku òun nìkan, Ọ̀gá Tépù lọ wá àkísà tó máa fi lẹ ṣòkòtò kan. Ọwọ́ rẹ̀ kan tépù àtijọ́. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun lórí tábìlì, ó fà wọ́n gún. Wọ́n dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tépù àtijọ́ ò nà rárá.

Ó wo ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ tó ti rán wọlé. Lẹ́yìn náà ó fọ ọwọ́, ó yí ìdí abẹ́rẹ́ náà dé iye tí nọ́ọ̀sì fi hàn án, ó sì fún ẹran ikùn rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ ìbàdí aṣọ. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ dùn ún tó ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un níka.

Ó ju ẹnu abẹ́rẹ́ sínú agolo, ó gbé tépù àtijọ́ kọ́rùn, ó sì jókòó jẹun àárọ̀.