Ológbò Tí Mo Kọ́ Ní Ọdẹ

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo kọ́ ológbò kan bí wọ́n ṣe ń pa eku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú stóò ilé wa ní Kwali ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fún wa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n pa kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á gbé e lọ, mi ò sì ní fojú kàn án mọ́.

Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ wá sí Àbújá láti Èkó. Akọ̀wé ni bàbá mi. Ilé kò tíì kárí ní ìgboro, la bá gba ilé sí Kwali. Bàbá mi á wọ bọ́ọ̀sì lọ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, á sì darí dé pẹ̀lú eruku pupa lára. Tíṣà ni ìyá mi.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni, ìkòkò ló ń mọ. Ọ̀kadà ti pa ológbò rẹ̀, ó sì ku ọmọ kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó fi Hausa sọ fún mi pé, “Gbà á, kó má kú sí mi lọ́wọ́.” Gbogbo àwa ọmọ àdúgbò ló gbọ́ Hausa.

Mo po mílíìkì, mo ń ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń lá a. Inú ìkòkò tó ti sán ni mo tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ sí fún un. Kò pẹ́ tó fi mọ ẹsẹ̀ mi yàtọ̀ sí ti gbogbo ilé. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, á sáré pàdé mi, á gun aṣọ mi dé èjìká, á wá fi imú tutù rẹ̀ ti etí mi, á máa kùn hùrùhùrù.

Ìyá mi kò fẹ́ rí i. “Ológbò? Nínú ilé tí a ti ń gbàdúrà? Ẹ wò bó ṣe ń wò mí.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn títí eku fi jẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà, wọ́n jẹ àgbàdo, kò tó wọn. Ìyá mi ní májèlé ni òun máa rà, ológbò náà sì gbọ́dọ̀ lọ. Bàbá mi ló dá sí i.

“Ìjọba kì í lé òṣìṣẹ́ láì dán an wò,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá pa eku kan, kó dúró. Bí kò bá pa, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì á bá wa gbé e dé Jabi ní ìgboro, á tú u sílẹ̀ ní gáréèjì.”

“Eku tí mo fojú ara mi rí,” ìyá mi dáhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ọmọ Yorùbá ni mí: ẹni tó bá ń lọ ṣiṣẹ́ ńlá, ṣe la máa ń kọ́kọ́ bọ́ ọ yó. Mo fún un ní ẹja tèmi, mo fún un ní ẹyin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, ikùn rẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ kan, eku rọra gba iwájú imú rẹ̀ kọjá nínú stóò. Ó la ojú kan, ó pa á dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ́ńbélé. Ó ń sùn sẹ́nu iṣẹ́.”

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Mo sáré tọ ìyá amọ̀kòkò lọ. “Kai,” ó ní, “ta ló fi hàn án? Ìyá ológbò ló máa ń gbé eku wá fún ọmọ kó fi kọ́ṣẹ́. Ìyá tirẹ̀ ti kú. Ìwọ ló mọ̀ ní ìyá.”

“Èmi náà ò mọ eku pa, Màmá.”

“Kí ẹ jọ kọ́ ọ nígbà náà. Má sì bọ́ ọ yó mọ́.”

Mo di ìyá ológbò. Mo so àkísà mọ́ okùn, mo ń wọ́ ọ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò àgbàdo, mo fi àyà wọ́lẹ̀, mo ń fi hàn án bí a ṣe ń dákẹ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló bù jẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ba mọ́lẹ̀, ó ń mi ìdí, ó fò mọ́ àkísà náà. Ìyá amọ̀kòkò fún mi ní òkú eku oko kan, ìyẹn ni mo so mọ́ okùn tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn kọjá, kò pa nǹkan kan.

Àárọ̀ Sátidé ni dírẹ́bà máa yà. Láàárọ̀ náà, a wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá mi ló ń gbàdúrà. “Olúwa, gbogbo ohun tó ń ba nǹkan wa jẹ́ nínú ilé yìí, fi wọ́n lé wa lọ́wọ́.” Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi. Ológbò mi gba àárín wa kọjá, eku ńlá kan lẹ́nu rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ìró ìyá mi, ó jókòó tì í.

Ìyá mi lajú.

“Àmín,” ni bàbá mi wí.

Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò nìyí: “Mo rí eku. Mo rí ológbò. Ó ń wò mí bí ẹni pé kí n tètè jẹun.” Ìyá amọ̀kòkò ní kò ṣòro láti yé: ológbò náà ti rí i pé ìyá wa kò mọ ọdẹ ṣe, kò sì fẹ́ kí ebi pa á. Èmi gbé e sí èjìká, mo fi yí gbogbo àdúgbò po, àwọn ọmọdé ń tọ̀ mí lẹ́yìn.

Ọmọ mi tó ń gbé ní Jabi ní ológbò báyìí. Inú agolo ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, ó ní ibùsùn, ó ní dókítà. Kò sẹ́ni tó pè é ní àjẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, èmi àti tèmi jọ dùbúlẹ̀ nínú eruku, a jọ bẹ̀rù Sátidé kan náà, ìfẹ́ tó ti ibẹ̀ wá kò sí nínú agolo.

Ní ti ohun tí àwọn aláṣẹ sọ: bàbá mi ní kí dírẹ́bà máa lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó mú ìwé, ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ó sì kà á sí wa létí. “Láti òní lọ, ológbò yìí ti di òṣìṣẹ́ títí lọ. Inú stóò ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Orí ẹja ni owó oṣù rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ yàrá.”

Orí ẹsẹ̀ ìyá mi ni ológbò òṣìṣẹ́ náà wà nígbà tí bàbá mi ń kà á. Ìyá mi gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìlà pa gbólóhùn tó gbẹ̀yìn rẹ́, ó sì dá ìwé náà padà fún un.