Àgbẹ̀ Tó Wà Nínú Àwòrán

Mo ti darúgbó sí Akínyẹlé níbí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn màmá àgbẹ̀ kan láti Ìrókò tí a jọ kàwé ní yunifásítì. Bí olùkọ́ bá ti ń yin onírònú ilẹ̀ Yúróòpù kan, wọ́n á nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń bá a roko nígbà tó jókòó tó ń ronú?" A ó bú sẹ́rìn-ín.

Màmá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Bí wọ́n bá tún fìdí rẹmi, wọn ò ní gboyè mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, níṣojú gbogbo wa, olùdánwò fi àwòrán àgbẹ̀ Faransé kan hàn wọ́n, tó jókòó ti ọkọ́ rẹ̀.

"Ọ̀lẹ ni ayàwòrán fẹ́ fi hàn wá, àbí?"

"Rárá o, sà. Ẹ wo bí ojú ọkọ́ yẹn ṣe ń dán. Ká ní kì í ṣiṣẹ́ ni, ì bá ti dípẹtà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ ni."

Olùdánwò fa àwòrán náà mọ́ra, ó wò ó títí. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi àwòrán yìí kọ́ ọmọ, Mà. N ò kíyè sí dídán yẹn rí."

Nígbà tí èsì jáde, orúkọ wọn ló wà lókè pátápátá. A figbe ayọ̀ ta. Màmá ní ká dákẹ́ ná, àwọn fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.