Amm Bushra àti Àpótí Márùndínlógójì

Ìtàn Amm Bushra tí gbogbo ìlú Mallawi ní Íjíbítì mọ̀ jù lọ ni ti ọjọ́ tí Hifni, olórí abúlé kan, kó ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ojú irin. Amm Bushra (Amm ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀) kì í ṣe dókítà. Òun ló ń lo ẹ̀rọ tó ń kọ ìlù ọkàn sórí bébà alápòótí wínníwínní, ó sì ti wà nídìí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ní ìlú náà, wọn kì í sọ àìsàn burúkú fún ẹni tó ń ṣe. Ẹbí ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, ẹbí á sì máa rẹ́rìn-ín sí aláìsàn títí wọn yóò fi gbé e sin. Kí bébà Hifni tó jáde tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú sí Amm Bushra.

Amm Bushra tẹ́ bébà náà sílẹ̀. Ó fi ẹ̀gún igi dábínù ka àpótí tí ìlà kan rì sí, ó ka èyí tí òmíràn ga dé, ó sì ro méjèèjì pọ̀.

Ó ní, "Márùndínlógójì ni ààlà, Olórí. Tiyín jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ògiri yàrá òsì ọkàn yín nípọn. Àwọn ọmọ yín wọ̀nyí ò fẹ́ kí n sọ fún yín."

Hifni wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ Amm Bushra pé kó dín in kù sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, nítorí èèyàn ńlá lòun. Amm Bushra ní kó kọ́kọ́ dín ẹja oníyọ̀ kù ná. Wọ́n ná an títí di ọ̀sán. Hifni fi ẹja sílẹ̀, àmọ́ àpótí kan ṣoṣo kò kúrò níbẹ̀.

Amm Bushra náà ṣìṣe rí o. Ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń sáré ìdíje pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi, ìyá ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí dókítà tó ṣàlàyé pé àyà tó gbẹ lè mú kí ìlà ga láìsí àrùn. Láti ọjọ́ náà, Amm Bushra á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ìhà èèyàn wò bóyá ó lẹ́ran, kó tó ka ohunkóhun.

Obìnrin kan tó sọ òótọ́ fún kú láàárín oṣù mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ wá, ó sì gbá Amm Bushra létí lójú gbogbo èèyàn. Amm Bushra mú gíláàsì ojú rẹ̀ tó já bọ́ nílẹ̀, ó nù ún, ó sì béèrè ohun tí ìyá náà fi oṣù mẹ́ta ọ̀hún ṣe. Ọmọ náà ní ó lọ sí Aswan, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tí kò fojú kàn fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Amm Bushra ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ìgbátí bá ṣẹ́kù, mú un wá."

Nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn mọ́ láìjókòó lágbedeméjì. Inas, nọ́ọ̀sì tó kọ́ níṣẹ́, ló lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà. Àwọn ìlà náà ga débi pé wọ́n ń gun ara wọn. Tahani ìyàwó rẹ̀ rí ojú Inas, ó fà á sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì bẹ̀ ẹ́. Inas yí ẹ̀rọ náà sí ìdajì, kí gbogbo ìlà lè kúrú sí ìlàjì gíga wọn, ó sì tún bébà mìíràn tẹ̀.

Ó ní, "Méjìlélógún péré, Amm Bushra. Ẹ̀yin lẹ ó sin gbogbo wa."

Àmọ́ kí ẹ̀rọ tó kọ ìlù ọkàn, ó máa ń ya ìwọ̀n ara rẹ̀ sí etí bébà, àpótí mẹ́wàá ní gíga. Ti ọjọ́ náà jẹ́ márùn-ún. Amm Bushra di bébà náà mú pẹ́. Ó yin ọwọ́ Inas, ó ká bébà náà sápò, ó sì bi Tahani léèrè ohun tí wọ́n máa jẹ.

Odindi ọdún kan ni Tahani fi ń lọ oògùn ọkàn sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà ọkọ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Amm Bushra á ní ẹ̀wà ayé ìsinsìnyí mà korò o, á sì ní kí wọ́n bù sí i.

Ó kú nígbà òtútù, lórí àga, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, Inas wá bá Tahani, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun fi irọ́ sin ọ̀gá òun. Tahani mú bébà náà jáde láti inú ìwé àdúrà ọkọ rẹ̀, ó sì nà án sí i. Amm Bushra ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Méjìlélógún lọ́nà méjì, mẹ́rìnlélógójì. Tahani sùn dáadáa lánàá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé mo mọ̀."

Inas bú sẹ́kún. Tahani rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún, kò lè purọ́ fún ẹnì kankan. Èmi nìkan ló purọ́ fún."